Ọrọ́ Màmá Adéróunmú ní Ìgbà Ọyẹ́

Ọjọ́ Ajé, 16 Dìsẹ́ńbà 1963

Màmá Adéróunmú lọ sí Adó-Èkìtì lónìí. Oyèbọ́lá, ọmọ wọn, máa tó bímọ, àwọn ni wọ́n máa wẹ ọmọ. Kí mọ́tò tó dé ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí. Mo pọn Tóyìn ọmọ mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá sí ilé wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Bọ́láwùmí, gbé e. Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e."

Ọrọ́ wọn ni. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ṣọgbà, tó ní oje funfun. Tiwọn yìí pẹlẹbẹ bí ahọ́n, apá mọ́kànlá ló ní, gbogbo wọn sorí kọ́ yí ìkòkò ká. Ẹni tó bá rí i lónìí lè fà á tu dànù. Ṣùgbọ́n mo rí i ní Máàṣì tó kọjá, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Bódìjà. Ó tanná pupa, òdòdó kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Nǹkan funfun tó bo ẹyinjú Màmá ti nípọn sí i. Ní Máàṣì ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà kò ṣèlérí. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ti dà bí èéfín lójú àwọn, pupa nìkan ló ṣì ń là á já.

"Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó fi abẹ kàn mí lójú. Ẹni tó bá mọ bí yóò ṣe rí lẹ́yìn náà, kó wá sọ fún mi."

Mo ní, "Ẹ máa rí i, mà."

"Kọ́ọ̀pù omi kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Má gbé e sínú oòrùn. Ọyẹ́ máa hun ún jọ, yóò dà bíi pé ó fẹ́ kú. Má ṣàánú ẹ̀. Ìyà ọyẹ́ yẹn gan-an ló ń mú un tanná. O gbọ́?"

Mo gbọ́.

Nígbà tí ọkọ mi, Olúṣẹ̀yẹ, ti ibi iṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì dé, ó wo ìkòkò, ó wò mí. "Kí ló dé tí wọn ò gbé e fún ẹlòmíì?" Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé Ọ̀kìtóbà, ọjọ́ tí oorun gbé mi lọ, tí kẹ́tù jó lórí sítóòfù, tí èéfín kún ilé, tí Tóyìn sì wà lórí ẹní. Ó ní, "Ẹni tí kò lè ṣọ́ kẹ́tù..." Kò parí ẹ̀. Èmi ni mo ń bá a parí ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Dìsẹ́ńbà

Kọ́ọ̀pù kan. Iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò fà á mu kí n tó yíjú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Dìsẹ́ńbà

Ìyá Olúṣẹ̀yẹ dé láti Ìṣẹ́yìn, wọ́n máa wà lọ́dọ̀ wa títí Jánúárì yóò fi parí. Wọ́n gbé adìyẹ méjì bọ̀, pẹ̀lú èlùbọ́ àti igbá òrí kan tó kún dé ẹnu. Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí Tóyìn ti wà lẹ́yìn wọn, tó ti sùn. Èmi tí mo bí i, mo ti ń rìn káàkiri pẹ̀lú ẹ̀ láti àárọ̀.

Wọ́n rí ọrọ́ nínú pálọ̀.

"Ìyàwó mi, ẹ̀yin ará Bódìjà, ọrọ́ ti wọlé tọ̀ yín wá? Àwa ń gbìn ín síta kí ewúrẹ́ má baà wọlé."

"Ti Màmá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ni, mà. Ó máa ń tanná."

"Kó máa tanná jìnnà sí ọmọ mi. Oje rẹ̀ ń fọ́ni lójú."

Mo ní èyí kò ní oje. Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn fa ẹní Tóyìn lọ sí ìdí ògiri kejì.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé tòótọ́. Ètè mi là nígbà tí mo ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé tó wà lódìkejì ọ̀nà kò ṣeé rí dáadáa títí aago mẹ́sàn-án fi lù. Ní Dùgbẹ̀ lánàá, tòmátì tí mo fi sísì rà kò kún ọwọ́ mi méjèèjì, obìnrin tó ń tà á ní kí n lọ bínú sí ọyẹ́.

Ẹsẹ̀ Tóyìn funfun bí ẹni tó ta eérú mọ́lẹ̀. Ó ké títí. Màmá Ìṣẹ́yìn bu òrí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ rà á títí ó fi yọ́, wọ́n fi pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ara ọmọ ti ń dán, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìdí tí èmi kò fi ronú kan òrí látìgbà yìí, Ọlọ́run ló mọ̀. Fasilíìnì ni mo ń rà.

Kọ́ọ̀pù kan fún ọrọ́. Ara rẹ̀ ti hun jọ bí ìka ẹni tó fọṣọ látàárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 2 Jánúárì 1964

Mo ti ṣe nǹkan kan, mi ò mọ̀ bóyá ó dáa.

Màmá Ìṣẹ́yìn lọ kí àbúrò wọn ní Àpáta. Olúṣẹ̀yẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Tóyìn ń sùn. Mo jókòó, mo ń wo ọrọ́, ó sì dà bíi pé ó ń wò mí. Mo rántí pé wọ́n ní kí n má ṣàánú. Ṣùgbọ́n apá kan ti ká kò bí etí ajá, mo ní tí èyí bá kú ńkọ́, ta ló máa gbà pé àṣẹ ni mo tẹ̀ lé? Mo bu kọ́ọ̀pù omi kan fún un. Mo bu èkejì. Kò yí padà. Mo wá lọ bu òrí.

Mo rà á ní àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi yọ́. Mo fi pa apá mọ́kànlá, iwájú àti ẹ̀yìn, mo rọra ń yẹra fún àwọn ẹ̀gún kéékèèké tó wà létí wọn. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá Tóyìn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó ń dán, inú mi dùn. Mo gbé e sí fàráńdà kí oòrùn àárọ̀ ràn sí i lára díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ.

Tóyìn wá jí pẹ̀lú ikọ́. Mo gbé e mọ́ra, mo ń fún un lọ́mú, mo ń fetí sí àyà rẹ̀. Nígbà tí mo rántí ìkòkò, ọ̀sán ti pọ́n. Ó gbóná débi pé mo fi ìró di ọwọ́ kí n tó lè gbé e wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Jánúárì

Apá méjì ti di àwọ̀ ìyeyè. Bóyá ọyẹ́ ni.

Kì í ṣe ọyẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Jánúárì

N óò kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí pé bí mi ò bá kọ ọ́ báyìí, tó bá di ọ̀la mo máa ti tún un ṣe kó lè dùn mọ́ mi.

Apá mẹ́jọ ló ti rà. Wọ́n rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ìdí wọn dúdú, wọ́n ń rùn. Mo ti ń kọ ẹ̀yìn ìkòkò sí pálọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Olúṣẹ̀yẹ ń wá bàtà rẹ̀ ní àárọ̀ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ fèrèsé, ó sì rí i. Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbé ìka sí imú.

"Òrí nìyí. Ta ló fi òrí pa á?"

Màmá Ìṣẹ́yìn wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ń pọn Tóyìn. Èmi jókòó, mo ń ká aṣọ ìdí ọmọ. Mo la ẹnu. Mo mọ̀ pé mo la ẹnu, nítorí pé atẹ́gùn ọyẹ́ wọ̀ ọ́. Kò sí ohun tó jáde.

Olúṣẹ̀yẹ kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin náà. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n ń fi òrí pa. Èyí kì í ṣe tiwa. Obìnrin yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́jú, òdòdó yìí nìkan ló ń dúró dè. Kí la máa sọ fún un?"

Màmá so ọ̀já wọn tán. Wọ́n wò mí. Kì í ṣe ìwò líle. Wọ́n kàn wò mí bí ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ tó ń retí kí àlejò fọwọ́. Mo tẹ orí ba, mo mú aṣọ ìdí kan tí mo ti ká, mo tú u, mo tún un ká.

"Ẹ má bínú," ni wọ́n sọ. Ọmọ bíbí inú wọn ni wọ́n sọ ọ́ fún.

Ó lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ náà, èmi àti wọn nìkan wà nínú ilé. Mo ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí. Wọ́n se ọbẹ̀ ilá, wọ́n bi mí bóyá iyọ̀ tó. Mo ní ó tó, mà.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Jánúárì

Màmá Ìṣẹ́yìn lọ. Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n ní àwọn ń padà sílé, pé ẹni tó ń bá àwọn ṣọ́ ilé kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ adìyẹ. Olúṣẹ̀yẹ ní kí wọ́n dúró, ṣé kì í ṣe ìparí oṣù ni wọ́n sọ? Wọ́n ní adìyẹ kò mọ ìparí oṣù. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù dé ibi tí mọ́tò ti ń gbé èrò ní Mọ́kọlá. Bọ́lẹ̀kájà tó ń lọ sí Ìṣẹ́yìn ti kún, àwọn èrò sì ń sún fún Màmá. Mo kúnlẹ̀ láti dágbére. Wọ́n ní, "Dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ kò mọ́."

Wọ́n fi igbá òrí sílẹ̀ fún Tóyìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Jánúárì

Sàlàkọ́ tó ń tọ́jú ọgbà òdòdó fún àwọn òyìnbó ní Yunifásítì máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé wa. Mo dá a dúró. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbé ìkòkò sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ojú mi.

"Ìyàwó, ta ló dín ọrọ́?"

"Ẹ̀n?"

"Wọ́n fi ọ̀rá pa á, wọ́n sì gbé e sí oòrùn. Ó ku ata àti àlùbọ́sà. Wọ́n tún da omi lé e. Ta ló ṣe é?"

Mo ní ìyá ọkọ mi ni.

Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Sàlàkọ́ kò mọ ìyá ọkọ mi, kò sí ohun tí ì bá ṣe fún mi bí mo bá sọ òtítọ́. Ẹnu mi ṣáà ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó mi orí, ó ní àwọn àgbà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni.

Ó ní kí n fi ọ̀bẹ mímú gé gbogbo èyí tó rà títí dé ibi tó ti tutù yọ̀yọ̀, kí n fi eérú sí ojú egbò, kí n má fún un lómi rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí n fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ àti òwú nu ọ̀rá kúrò lára èyí tó kù. Omi tútù nìkan ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́rú, 15 Jánúárì

Mo gé e. Mẹ́sàn-án lọ. Méjì ló kù. Mo fi ìwé ìròyìn wé mẹ́sàn-án náà kí n tó dà á nù, mi ò mọ ìdí tí mo fi wé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Jánúárì

Ọ̀kan nínú méjì náà rà láti ìdí. Ó ku ẹyọ kan.

Olúṣẹ̀yẹ rí i bí mo ṣe ń gé e, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Má da ara ẹ láàmú. Ìwọ kọ́ lo fà á. O ti gbìyànjú." Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó fọ̀ ọ́ fún mi. Láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tó báyìí nípa nǹkan tó bàjẹ́. Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló burú jù níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Fẹ́búárì

Kò sí omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé. Mo dúró níwájú ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Fẹ́búárì

Lẹ́tà dé láti Adó. Oyèbọ́lá bí ọkùnrin. Màmá Adéróunmú ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́, nítorí náà lẹ́tà Oyèbọ́lá ni, ohùn Màmá ni. "Ṣé ìrudi ti ń yọ? Yóò dà bí orí ìṣáná, pupa díẹ̀, ní etí apá. Bó bá ti yọ, má ṣe yí ìkòkò padà, má gbé e kúrò níbi tó wà, yóò já bọ́. Mo dúpẹ́ fún ìtọ́jú rẹ."

Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. N kò fèsì.

Mo ronú pé kí n kọ̀wé sí Ìṣẹ́yìn. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ kò mọ̀wé. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ wọn ló máa ń kà á fún wọn ní ìta, níbi tí gbogbo agbolé ti ń gbọ́ ìròyìn Ìbàdàn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi máa di ohun tí tíṣà kà sókè ketekete. Mo ní ìdí yẹn ni mi ò fi kọ ọ́. Ìdí yẹn dáa. Ìdí mi máa ń dáa ṣáá.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Fẹ́búárì

Nǹkan kan wà ní etí apá tó kù. Orí ìṣáná ni lóòótọ́. Mo fi ojú sún mọ́ ọn títí mo fi rí i pé kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo sunkún débi pé Tóyìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Olúṣẹ̀yẹ sáré jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó rò pé ẹnì kan kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Fẹ́búárì

Màmá Adéróunmú dé. Wọn kò tíì bọ́ gèlè tí wọ́n ti wá sí ilé wa, wọ́n di ẹ̀gbẹ́ ògiri mú. Wọn kò rí ìka ẹsẹ̀ wọn mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi wá ìkòkò. Mo dúró, mo ń wo ìka wọn bí wọ́n ṣe ń ka apá. Wọ́n kà á dé ọ̀kan. Wọ́n tún fi ọwọ́ yí ẹnu ìkòkò ká, wọ́n kan ojú egbò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́wàá dà?"

Mo ní, "Màmá..."

Olúṣẹ̀yẹ dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ìyá mi ni. Wọ́n fi òrí pa á ní ìgbà ọyẹ́, wọn kò mọ̀. Ìyàwó mi ló du ẹ̀mí èyí tó kù."

Màmá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu ìkòkò. "Ìyá rẹ. Ó dáa. Kò mọ̀." Wọ́n wá na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà, wọ́n di èjìká mi mú. "O ṣeun, Bọ́láwùmí."

Ìrudi méjì ló yọ. Ọ̀kan já bọ́ lánàá. Ọ̀kan ló kù, ó ti gùn tó ìka kékeré. Wọ́n ní kí a má gbé e, àwọn máa wá wò ó níbí. Ọjọ́ Ajé, 16 Máàṣì, ni iṣẹ́ abẹ wọn.

Mi ò lè jẹun. Omi ọmú mi kò fi bẹ́ẹ̀ wá.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì

Mo lọ sí Ìṣẹ́yìn. Mo sọ fún Olúṣẹ̀yẹ pé mo fẹ́ kí ìyá mi ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn níbí. Irọ́ mìíràn, kí n tó lè lọ sọ òtítọ́. Ṣílè mẹ́rin àti sísì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, Tóyìn lọ́fẹ̀ẹ́. Eruku pupa bo àwa méjèèjì dé ìpéǹpéjú.

Màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ran òwú. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó kí mi. Wọ́n wẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n jókòó títí mo fi jẹ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà pẹ̀lú ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá, èmi ni mo fi òrí pa ọrọ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

Mo gbójú sókè.

"Nígbà tí mo ti Àpáta dé, òrí inú igbá ti lọ sílẹ̀. Ojú ìka tó bu ú kéré sí tèmi."

"Ẹ mọ̀, mà, ẹ ò sì sọ?"

"Mo ń dúró dè ọ́. Mo dúró di ọjọ́ Àìkú."

Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n ń gbọn omi kúrò ní etí Tóyìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n tán.

"Mo ti gbọ́ tìrẹ. Kì í ṣe ọrọ́ ló dùn mí. Ọmọ mi ló bá mi wí lójú ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Kò mọ̀, mà."

"Ó mọ̀ pé o wà níbí?"

Mo fi ojú sí ọbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ó dáa, Ìyá Tóyìn. Nígbà tó bá fúnra rẹ̀ wá mú mi, n óò wá."

Ìyá Tóyìn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, "ìyàwó mi" ni wọ́n ń pè mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Máàṣì

Mo sọ fún un. Mo dúró kó jẹun tán, kó fọ ọwọ́, kó ka ìwé ìròyìn dé ojú ewé ẹ̀yìn. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó kù tí mo lè dúró dè, mo sọ ọ́: òrí, oòrùn, Sàlàkọ́, Ìṣẹ́yìn, gbogbo rẹ̀.

Ó ká ìwé ìròyìn ní méjì, ní mẹ́rin.

"Ìyá mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O sì jókòó níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Mo ní nítorí kẹ́tù. Ó wò mí bí ẹni tí mo fi èdè mìíràn bá sọ̀rọ̀.

"Kẹ́tù wo?"

Mo rán an létí. Ọ̀kìtóbà. Èéfín. Ẹni tí kò lè ṣọ́ kẹ́tù. Ó ronú títí. Kò rántí pé òun sọ ọ́. Mo ti fi oṣù márùn-ún gbé ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri inú ilé yìí bí ẹni tó pọn òkúta, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ta ìyá rẹ̀, òun kò sì rántí.

Ó sùn sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Máàṣì

Ó ti lọ sí Ìṣẹ́yìn kí n tó jí. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Máàṣì

Wọ́n dé pọ̀. Aṣọ Olúṣẹ̀yẹ ní erùpẹ̀ ní igbá àyà àti orúnkún. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, èmi náà kò bi í. Màmá Ìṣẹ́yìn gba Tóyìn, wọ́n wo ìrudi náà láti ọ̀nà jíjìn, wọn kò sọ nǹkan kan.

Olúṣẹ̀yẹ ní, "Màmá Adéróunmú ńkọ́? Ta ló máa sọ fún wọn?"

Mo ní èmi ni. Ó ní nígbà wo. Mo ní lọ́la.

Ọjọ́rú, 11 Máàṣì

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà Màmá lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ Ajé, obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Lánàá, kò sí ẹnì kankan. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí n bá wọn ra nǹkan ní Dùgbẹ̀. Wọ́n ní kí n ra ìṣáná.

Ìrudi ti tó ìka àárín. Ẹnu rẹ̀ ti pupa. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọn kò ní fẹ́ wá wò ó mọ́ nínú ilé mi. Mo mọ̀ pé ìdí tó dáa ni ìyẹn náà.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Máàṣì

Òdòdó náà là ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kí n tó gbé omi kaná ni mo rí i. Ẹyọ kan, lórí apá kan, ó tóbi ju ti ọdún tó kọjá lọ, tàbí nítorí pé kò sí èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pupa náà lágbára débi pé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n díẹ̀.

A kò lọ sí ìsìn àárọ̀. Olúṣẹ̀yẹ lọ fa Màmá Adéróunmú lọ́wọ́ wá. Màmá Ìṣẹ́yìn jókòó sórí àga pẹ̀lú Tóyìn lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà méjèèjì kí ara wọn pẹ́, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ọ̀nà Ìṣẹ́yìn àti ọ̀nà Adó. Màmá Adéróunmú wá ní,

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ fi òrí pa á. Inú rere lẹ fi ṣe é. Kò sí ìbínú lọ́kàn mi."

Màmá Ìṣẹ́yìn kò sọ "bẹ́ẹ̀ ni," wọn kò sọ "rárá." Wọ́n ń tún fìlà Tóyìn ṣe. Olúṣẹ̀yẹ húkọ́, mo sì rí i pé ó fẹ́ bá mi sọ òtítọ́ náà fún wọn. Àánú mi ń ṣe é. Bó bá bá mi sọ ọ́, ó ti bá mi sọ ọ́ nìyẹn, títí ayé.

Mo kúnlẹ̀ sáàárín Màmá Adéróunmú àti fèrèsé.

"Wọn kò fọwọ́ kàn án rí, mà. Èmi ni mo fi òrí pa á. Èmi ni mo bu omi lé e, tí mo gbé e sínú oòrùn. Ẹ ní kí n má ṣàánú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi wá léèrè, mo jẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyá ọkọ mi ni. Ẹ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì gbà á."

Tóyìn nìkan ló ń pariwo. Màmá Adéróunmú yí ojú wọn tó funfun sí ibi tí ohùn mi ti jáde. N kò mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

"Bọ́láwùmí."

"Mà."

"Mo gbọ́. O ti dí ìmọ́lẹ̀. Sún kúrò níbẹ̀, kí n rí nǹkan tí mo wá wò."

Mo fi orúnkún sún kúrò. Ìmọ́lẹ̀ wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ojú sún mọ́ òdòdó náà títí imú wọn fi kàn án, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi wò ó tẹ́rùn.